Ọ̀yà tí Mo Gbé Kọ́ Igi

Mo ń wẹ ọmọ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí Ìyá Dúpẹ́ yọ láti ojú ọ̀nà oko. Kò kí mi, kò sì kí ọmọ. Ó káwọ́ pọ̀ mọ́ àyà, ó ní:

"Ìyá Àmíná, Bàbá Dúpẹ́ ní kí n bi ọ́, igi wo lo gbé ẹran náà kọ́?"

Mo ní, "Igi ìyeyè tó wà létí okùn wọn ni, mà. Mo ti sọ fún wọn."

"Wọ́n ti dé ìdí ìyeyè. Ìtàkùn lásán ló ń mì lórí igi."

Ọṣẹ ti wọ ọmọ lójú, ó ń ké. Mo ní, "Bóyá ajá ló gbé e."

"Ajá tó ń gun igi." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹran tó ti kú kì í sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyàwó."

Ó yí padà, ó lọ. Kí n tó nu ojú ọmọ tán ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ojúde kejì, ó ń tún un sọ fún ẹlòmíì. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Èmi ò gbé adìẹ ẹnikẹ́ni, àmọ́ aláròyé ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fọwọ́ mú ni mo ń kọ èyí fún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn kí ohun tí mò ń sọ lè yé yín. Iṣẹ́ okùn dídẹ ni mo ṣe, láti ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi títí di àìpẹ́ yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì. Àwọn kan á ní kí ni ọmọ kékeré bíi tèmi ń fẹ̀yìn tì sí. Nínú igbó, orúnkún ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, kì í ṣe ọdún.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Mùsùlùmí ni wá. Ìyá mi ló wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mo parí ilé ìwé girama, mo lọ́kọ, mo bímọ, ọkọ mi wá iṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá mi wá ní kí n gbé ọmọ lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìbòkun, kí n lọ máa se oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n òun tó ń dá gbé láàárín oko kòkó. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ni orúkọ wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń dẹ okùn fún ọ̀yà àti òkété, àmọ́ orúnkún wọn ti wú, wọn ò lè dé ìdí okùn wọn mọ́. Mo lọ ṣe alásè, mo di ẹsẹ̀ fún wọn. Tí ẹ bá ń béèrè owó iṣẹ́, itan ẹran ni, nígbà tí ẹran bá wà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Kò sí ohun tó le tó kí àgbàlagbà máa kọ́ ẹni ní ìrìn. Bàbá á jókòó sórí kùkùté lábẹ́ kòkó, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n á ní kí n máa bọ̀ láti ìdí obì. Ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀. Bí ewé kan bá ti sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n á ní, "Mo gbọ́ ọ. Padà." N ó padà. "Mo gbọ́ ọ. Ṣé màlúù ni?" N ó padà. Bí ọkàn mi bá ti gbóná, tí mo bá fẹ́ jókòó, wọ́n á ní, "Uṣẹ́ ugbó kì í ṣe uṣẹ́ ariwo. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, máa lọ ulé." Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ bí inú bá ń bí wọn. Ní Òṣogbo, a máa ń fi "ulé" àti "uṣẹ́" yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Lábẹ́ kòkó yẹn, ẹ̀rín kankan ò wá sí mi lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìrìn ló kan òórùn. Wọ́n ní ọ̀yà kò ní wá sí ibi tí mo bá fọwọ́ kàn. Mo ní mo ti fi ọṣẹ wẹ̀. Wọ́n ní ọṣẹ gan-an ni, kò sì tán síbẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, "Òórùn ọmú ń bẹ lára rẹ." Ilẹ̀ ìbá lanu kí n wọlé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹrẹ̀ odò pa ọwọ́ àti àyà kí n tó sún mọ́ okùn, tí mò ń fi ọmọ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ Bàbá, èyí tí kò dùn wọ́n. Àwọn obìnrin abúlé á rí mi bí mo ṣe ń padà bọ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àmíná, ṣé ọmú lo fi ń tan ọ̀yà wálé ni?" N ó rẹ́rìn-ín tèmi náà, n ó yára wọlé.

Díẹ̀díẹ̀ mo ń mọ̀ ọ́n. Mo mọ ibi tí ọ̀yà ti gé eèsún jẹ lánàá yàtọ̀ sí ibi tó ti gé e jẹ lónìí. Mo mọ bí ojú okùn ṣe máa ga tó kí ó lè bọ́ sí ọrùn. Mo sì mọ òfin tí àwọn ọdẹ agbègbè yẹn ń pa mọ́ ju gbogbo òfin yòókù lọ: bí o bá bá ẹran nínú okùn ẹlòmíì, tí ẹran náà bá ṣì wà láàyè, má fọwọ́ kàn án, sáré lọ pe olókùn. Bí ó bá ti kú, tú u sílẹ̀, gbé e kọ́ igi tó sún mọ́ ibẹ̀ jù kí ìjàlọ má baà bò ó, kí o sì lọ sọ. Ẹni tó bá rékọjá láìṣe é, ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá gbé e lọ sílé, kò sí ẹni tó máa bá a wọ igbó mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti kú? Bàbá kọ́ mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí wọ́n fi okùn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀yà tí okùn fún lọ́rùn lè dákú bí ẹni pé ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n ní, "Já koríko kan, fi ṣóńṣó rẹ̀ kan ẹyin ojú rẹ̀. Imú lè parọ́, àyà lè parọ́. Ojú kì í parọ́." Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Wọ́n kọ́ mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ń bọ̀ láti ìdí okùn wa, lọ́wọ́ òfo, nígbà tí mo rí ọ̀yà ńlá kan nínú okùn Bàbá Dúpẹ́ tí kò jìnnà sí tiwa. Ó nà gbalaja, ó lajú sílẹ̀. Nílé wa ní Òṣogbo, ẹran tí ọ̀bẹ kò bá kàn lọ́rùn, tí a kò ṣe bísímílà sí, òkú ni, a kì í jẹ ẹ́, a kì í sì í fẹ́ wò ó. Okùn tèmi ni mo máa ń tètè lọ wò kí n lè bá ẹran láàyè kí n dú u. Nígbà tí mo rí ojú ẹran yẹn tó là kalẹ̀, ohun tó wá sọ́kàn mi kò ju pé òkú ẹran rèé lọ. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka méjì ni mo fi mú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tú u, mo fi ìtàkùn so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé e kọ́ ìyeyè, mo sáré lọ sọ fún Bàbá Dúpẹ́ ní oko rẹ̀, mo sì gba ilé lọ fọ ọwọ́ mi. Inú mi dùn. Mo rò pé lónìí mo ṣe bí ọdẹ.

Ìyẹn ni ẹran tí Ìyá Dúpẹ́ wá béèrè.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oòrùn tó gun, gbogbo abúlé ti gbọ́ pé ọmọ Òṣogbo tí Ọdẹ́tọ́lá mú wá ti jí ọ̀yà. Mo lọ bu omi ní kànga, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí mi. Obìnrin kan tó máa ń gbé ọmọ mi jó wo ìkòkò ọbẹ̀ mi nígbà tó ń kọjá, ó wò ó pẹ́.

Bàbá ní kí n pe ọlọ́kadà wá. Ó gbé wa dé ibi tí ọ̀nà gbà á dé, a rìn ìyókù, Bàbá ń tẹ̀ lé ọ̀pá wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdí ìyeyè. Wọ́n fa ìtàkùn náà wálẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò yẹ ojú kókó tí mo ta wò. Wọ́n wo ara igi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrora, wọ́n ṣa irun díẹ̀ nílẹ̀, wọ́n wo ibi tí koríko ti là gba inú eèsún lọ.

"Ṣé o fi koríko kàn án lójú?"

Mo ń wo ìtàkùn náà.

"Mo bi ọ́."

"Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, Bàbá. Mo rò pé ó ti kú."

"Hẹn." Wọ́n fi ọwọ́ gbá èèpo igi kúrò lára aṣọ wọn. "Ó jí lórí igi, ó jà pìtìpìtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó lọ sílé rẹ̀. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, torí ó gbìyànjú."

Ẹkún ni mo sun délé. Nínú igbó, àwọn tó ti tẹ ibẹ̀ pa kí a tó dé ti pọ̀. Ta ló máa rí irun mélòó kan kó gbà? Bí mo bá ní ẹran tí mo kà sí òkú ló sá lọ, wọ́n á ní olè yìí tún fi wá ṣe òmùgọ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ mo ní ọmọ lẹ́yìn, n ò lè kú.

Lọ́jọ́ ìpàdé ọdẹ, wọ́n pè wá sí iwájú ilé Olúọdẹ, àgbà tó ń darí gbogbo wọn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá. Bàbá Dúpẹ́ ro ẹjọ́ rẹ̀, kò bú mi. Ó kàn ní òun ò mọ ohun tí òun máa rò. Ìyẹn le ju èébú lọ.

Olúọdẹ ní, "Ọdẹ́tọ́lá, abẹ́ rẹ ló wà. Kí lo rí sí i?"

Bàbá kò dìde, orúnkún kò gbà. Wọ́n ní, "Ẹran náà kò kú. Ó dákú ni. Ọmọ yìí gbé ẹran alààyè kọ́ igi, ó sì sá lọ. Ẹ má bi í. Èmi ni kí ẹ bi. N ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bi ojú ẹran. Mo gbàgbé."

Wọ́n wo ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín náà sì ràn. Ọdẹ tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú igbó, tó gbàgbé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé. Bàbá Dúpẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gbà pé n ò jí ẹran, torí kò sí ọdẹ tó máa fi irú èyí purọ́ mọ́ ara rẹ̀.

N ò lè gbà á. Mo ní, "Ẹ kọ́ mi, Bàbá. Ẹ kọ́ mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ ní kí n já koríko. Èmi ni mi ò ṣe é."

Olúọdẹ mi orí. Ó ní, "Ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé? Kò fẹ́ kí ẹ̀tẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀."

Mo ní, "Òótọ́ ni mò ń sọ, bàbá. Wọ́n kọ́ mi."

"A gbọ́, a gbọ́. Dìde, ọmọ rere." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ tèmi náà á bo àṣírí mi. Bàbá Dúpẹ́ ní kí n má bínú sí ìyàwó òun. Bí mo ṣe ń sọ òtítọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yìn mí tó, títí mo fi dákẹ́. Bàbá kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n bá pè ní òpè, yóò kọ́gbọ́n. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olè ní abúlé, ọmọ rẹ̀ náà ló máa jẹ́ orúkọ yẹn. Lọ gbé omi kaná."

Wọn ò tún sọ nǹkan kan sí i. Àmọ́ fún ìgbà pípẹ́, kò sí ohun tó kú tí mo gbé wọlé tí wọn ò ní kí n já koríko fi kàn lójú níwájú wọn, títí kan ẹja tí mo rà ní ọjà Ìbòkun. Mo jókòó ní ilé ìdáná, mò ń fi koríko tọ́ ẹja lójú, Bàbá dúró ti ọ̀pá, wọ́n ń wò mí. "Ṣé ó ti kú?" "Ó ti kú, Bàbá." "Ó dá ọ lójú?" "Ó dá mi lójú." "Sè é."

Báyìí ni mo ṣe di ọdẹ. Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, okùn tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn lọ́ ni a ń lò. Lẹ́yìn náà ni wáyà dé, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà bíréèkì ọ̀kadà ṣe é, èyí tí kì í já, tó ń gé ẹsẹ̀ ẹran sílẹ̀. Bàbá kò jẹ́ kí n lò ó. Àwọn àgbẹ̀ ń fín oògùn apakoríko, eèsún ń kú, ọ̀yà ń sún sẹ́yìn. Ìró ẹ̀rọ àwọn tó ń wa wúrà lé ẹran lọ ní apá Itagunmodi, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó gbà. Lóde òní, ẹni tó bá bá ẹran nínú okùn ẹlòmíì, fóònù ló fi ń ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa fẹ̀sùn kàn án. Mo máa ń rò ó pé ká ní ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi.

Nígbà tí ẹran wọ́n, àwọn ọmọ ilé ìwé gíga láti Ẹ̀sà-Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi lásìkò ìsinmi. Ìgbafẹ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú igbó láìsọnù, bí wọ́n ṣe ń dáná tí igi bá tutù, bí wọ́n ṣe ń ka ipa ẹsẹ̀ ẹran. Èmi tí wọ́n ń lé padà nídìí obì wá di ẹni tó ń sọ fún ẹlòmíì pé, "Mo gbọ́ ọ, padà." Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún wa, ta ló kọ́ yín?" Mo dárúkọ Bàbá. Ọkùnrin abúlé kan tó ń kọjá dá sí i pé, "Ẹ bi í bóyá bàbá náà kọ́ ọ tán." Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń rín. Mo sọ fún wọn bó ṣe rí. Ẹni tó gbé fóònù ní, "Ẹ ń gbèjà bàbá yín ni, Àǹtí." Ibi tí mo bá ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí orúnkún tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí ọkọ mi sì ti padà wálé. Òṣogbo ni a wà báyìí, mò ń sin ìgbín lẹ́yìn ilé. Tí ẹ bá ní kí n sọ bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ igbó, mo lè sọ pé ẹ ṣe é, ara yín á le, ojú yín á ríran. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa san àṣìṣe yín. Ọ̀gá yín wà níbẹ̀.

Àìpẹ́ yìí ni mo mú Àmíná lọ kí Bàbá. Ó ti ń dàgbà, ó ti ń ga tó èjìká mi. A jókòó níwájú ilé, Bàbá ń pa obì fún un. Bàbá Dúpẹ́ ń ti oko bọ̀, ó dúró, ó kí wa dáadáa, ó wá tọ́ka sí ọmọ mi.

"Ọdẹ́tọ́lá, ṣé o ti kọ́ èyí ní ojú ẹran, àbí o tún ti gbàgbé?"

Bàbá ní, "Mo tún ti gbàgbé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni láàárín wọn, ó ti gbó. Àmíná ò lè mọ̀. Ẹnì kan ti sọ ìtàn náà fún un nínú abúlé, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ẹ̀rín ńlá, ó ń wo ojú Bàbá, ó ń nàka sí wọn. Ọmọ mi, tí wọ́n gbé sórí ẹsẹ̀ nígbà tí mo wà nínú igbó. Mo ní kó dákẹ́. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀, ọmọdé ni. Mo bojú wolẹ̀ títí a fi dìde.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Òṣogbo, kò mọ ohun tó ṣe. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé wọ́n gbàgbé láti kọ́ yín. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́."

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Wọn ò gbàgbé. Wọ́n kọ́ mi, wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Nígbà tó tó àkókò, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí mo kórìíra òkú ẹran. Wọ́n gba ẹ̀sín yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà pè ọ́ ní ọmọ olè. Bí a bá tún lọ, tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, má bá wọn rín in. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní wọ́n kọ́ òun. Wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́, wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni ọ́. Jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀, kí o sì tún un sọ."